Nígbà tí ìsoríkọ́ bá mú Kristẹni: ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ ṣe, àti ohun tí yóò tẹ̀lé e

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn ń bi mí léraléra, yálà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tàbí lórí fóònù lóru: "Mo ń gbàdúrà, mo ń ka Bíbélì, síbẹ̀ ọkàn mi kò fúyẹ́. Ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó ni?" Mo ti dáhùn rẹ̀ lẹ́nu títí, mo sì rí i pé ó sàn kí n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, pàápàá fún àwa tí a ń gbé ní Abẹ́òkúta, níbi tí ilé ìjọsìn ti pọ̀ bí àpáta, tí ilé ìwòsàn ọpọlọ tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sì wà ní Aró, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń bẹ̀rù Aró ju àìsàn náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ìgbàgbọ́ yín kọ́ ni ó kéré. Ohun tí mo rí pé ó máa ń dojú rú ni ètò: ohun tí ó yẹ kí ó kẹ́yìn ni a máa ń fi ṣáájú.

## Kí ẹ tó ka ohun mìíràn

Bí èrò àtipa ara yín bá ń wá, tàbí tí ẹ bá ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú yín lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí nísinsìnyí, kí ẹ tó tẹ̀síwájú:

1. Ẹ pe ẹnì kan, kí ẹ sì sọ ọ́ bí ó ti rí: "Èrò ikú ń wá sí mi lọ́kàn, ẹ má jẹ́ kí n dá wà."
2. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà kó oògùn apakòkòrò, oògùn eku àti gbogbo oògùn ilé kúrò ní àrọ́wọ́tó yín.
3. Ẹ jẹ́ kí ó mú yín lọ sí ilé ìwòsàn ní Aró, tàbí sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ìjọba tí ó bá sún mọ́ yín jù, irú èyí tí ó wà ní Ìdí-Àbà. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112.

Ẹ má fi ìtìjú dá ara yín dúró. Èlíjà tọrọ ikú, Jónà tọrọ ikú, Jóòbù gégùn-ún fún ọjọ́ tí a bí i, Bíbélì kò sì tìtorí èyí yọ ọ̀kankan nínú wọn kúrò nínú àwọn ènìyàn Ọlọ́run.

## Ṣé ìbànújẹ́ lásán ni, àbí ìsoríkọ́?

Ìbànújẹ́ sábà máa ń ní ìdí tí a lè nàka sí, ó sì máa ń dẹwọ́ díẹ̀ bí ọ̀rẹ́ bá dé tàbí bí ọmọ bá pa wá lẹ́rìn-ín. Ìsoríkọ́ kì í dẹwọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà máa ń wò ó bóyá àwọn àmì yìí ti wà lára ènìyàn lójoojúmọ́, fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́, fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2:

- ọkàn wúwo, tàbí kí ohun tí ẹ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, àní orin ẹgbẹ́ akọrin pàápàá, má dùn mọ́ yín létí mọ́;
- oorun kò wá, tàbí ẹ ń jí ní aago 3 òru tí ẹ kò sì lè padà sùn, tàbí ẹ ń sùn ṣáá;
- oúnjẹ kò wọlé, aṣọ ti ń tóbi jù lára;
- ó ń rẹ̀ yín láìṣiṣẹ́, ẹ ń gbàgbé nǹkan, ẹ kò lè pinnu ohun kékeré;
- ẹ ń dá ara yín lẹ́bi láìlópin, ẹ sì ń rò pé ẹrù ni ẹ jẹ́ fún àwọn ènìyàn yín;
- èrò ikú.

Bí ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí bá wà, tí ẹ kò sì lè ṣe iṣẹ́ yín bí ti tẹ́lẹ̀, ẹ má pè é ní àárẹ̀ lásán. Lọ́dọ̀ tiwa, ìsoríkọ́ kì í sábà fi orúkọ rẹ̀ wọlé. Ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé "orí mi ń gbóná", "nǹkan ń rìn mí lára", "àyà mi ń já", a ó sì tọ́jú ibà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bí oorun ti rí.

Jíjí ní aago 3 òru yẹ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí pé Kristẹni ni ó máa ń ṣì í lóye jù. Ọ̀pọ̀ gbà pé Ẹ̀mí Mímọ́ ni ó ń jí àwọn láti wá jagun nínú àdúrà, wọn a sì dìde, wọn a máa rìn ká yàrá títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Èmi kò sọ pé Ọlọ́run kì í jí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń jí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, tí òwúrọ̀ rẹ̀ sì wúwo ju ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ lọ, àmì àìsàn ni ó ń rí, ìṣọ́ òru a sì máa fi kún un.

## Ètò tí a rí lábẹ́ igi juniperi

Ẹ ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 19. Èlíjà sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Olúwa gba ẹ̀mí òun. Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ó sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní kó jẹun. Àkàrà wà lórí ẹyin iná, omi sì wà nínú ìkòkò. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún padà wá lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú oúnjẹ. Ìgbà tí ó ti rìn 40 ọ̀sán àti 40 òru dé Hórébù ni Ọlọ́run tó bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wá, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni ìròyìn pé 7,000 ènìyàn ṣì kù tí wọn kò forí balẹ̀ fún Báálì. Ara ni ó ṣáájú, ọ̀rọ̀ ni ó tẹ̀lé e. Ìgbésẹ̀ méje tí ó wà nísàlẹ̀ yìí tẹ̀lé ètò náà.

### 1. Oorun

Ẹ sọ fún olórí ẹgbẹ́ yín pé ẹ kò ní lè wá sí ìṣọ́ òru fún ìgbà díẹ̀; kò pọn dandan kí ẹ ṣàlàyé. Ẹ máa wọ ibùsùn ní aago kan náà lálaalẹ́, kí fóònù wà ní yàrá mìíràn. Ẹ má mu kọfí, ẹ má sì jẹ obì lẹ́yìn ọ̀sán, nítorí ohun kan náà ni ó wà nínú àwọn méjèèjì tí ń lé oorun. Bí oorun bá kọ̀, ẹ dìde, ẹ jókòó sí ibi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ jù, ẹ padà sí ibùsùn nígbà tí ojú bá wúwo.

Ìkìlọ̀: ẹ má lọ ra oògùn oorun lọ́wọ́ oníkẹ́mísì, ẹ má sì fi ọtí pe oorun. Ọtí a máa múni sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n a máa jíni láàárín òru, a sì máa mú kí ọkàn túbọ̀ wúwo lọ́jọ́ kejì.

### 2. Oúnjẹ, àti ọ̀rọ̀ ààwẹ̀

Ẹ jẹun díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, bí ebi kò tilẹ̀ pa yín. Bí láfún àti ewédú bá wúwo jù, ẹ mu ẹ̀kọ gbígbóná, kí ẹ jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ tàbí ẹyin sí i. Bí ẹlòmíràn bá gbé oúnjẹ wá, ẹ gbà á. Èlíjà kò dáná fúnra rẹ̀.

Ẹ má gba ààwẹ̀ ní àsìkò yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò kọ àwọn kan lóminú, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ti dá ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún arábìnrin kan rí, ẹni tí kò tíì jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó wá bá mi. Ibi tí ó ti ṣubú ni a ti gbé e. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ni ẹ jẹ lónìí?" kí n tó béèrè ohunkóhun mìíràn. Bí ẹ bá sì ń lo oògùn tí wọ́n ń pè ní lithium, ààwẹ̀ tí kò sí omi nínú rẹ̀ léwu gidigidi, nítorí pé bí omi ara bá dínkù, oògùn náà a máa pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan du ara yín nítorí Olúwa, ẹ fi ariwo fóònù dù ú.

### 3. Ẹ sọ fún ẹnì kan ṣoṣo

Ní Gẹ́tísémánì, Jésù mú àwọn mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀lé e, ó sì sọ fún wọn pé ọkàn òun gbọgbẹ́ títí dé ikú. Ìjọ lápapọ̀ kọ́ ni ó sọ ọ́ fún. Ẹ wá ẹnì kan tí ó ní ìwọ̀nyí:

- ó lè pa ẹnu mọ́;
- kì í yára wàásù;
- ó lè tẹ̀lé yín dé ilé ìwòsàn.

Ó lè jẹ́ ìyàwó àlùfáà, ó sì lè má jẹ́. Ẹ sọ ọ́ ṣókí: "Láti oṣù tó kọjá ni inú mi kò ti dùn, n kò sùn, n kò sì mọ ohun tí n óò ṣe. Ẹ bá mi wá ìrànlọ́wọ́." Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ yín jáde láàárín ìjọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bẹ̀ àdúrà, àyàfi bí ẹ̀yin fúnra yín bá fẹ́ ẹ.

### 4. Ẹ lọ rí dókítà

Ní ìlú wa, bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ tí kò yé wa, a óò ní kí wọ́n gbé e lọ sí Aró, a ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yìí ni ó ń ti ọ̀pọ̀ mọ́lé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ti ilé lọ síbẹ̀, tí wọ́n rí dókítà, tí wọ́n gba oògùn, tí wọ́n sì padà sí ìdí iṣẹ́ wọn. Láti àwọn ọdún 1950 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn Aró ká pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú níbẹ̀. Ètò náà ni ó mú kí ayé gbọ́ nípa Aró.

Bí ẹsẹ̀ yín kò bá tíì lè gbé yín débẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìtọ́jú alábọ́dé tó wà ládùúgbò, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà. Ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé pélébé kí ẹ tó lọ, nítorí pé ọkàn a máa gbàgbé:

- ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, àti bí oorun àti oúnjẹ ti rí;
- gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo;
- bóyá ẹ lóyún, ẹ ń fún ọmọ lọ́mú, tàbí ẹ bímọ láìpẹ́ yìí;
- bóyá ìgbà kan wà tí ara yín yá gágá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ẹ kò sùn tí kò sì rẹ̀ yín, nítorí pé oògùn ti irú ìsoríkọ́ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀;
- èrò ikú, bí ó bá wà.

Dókítà lè ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ má rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn ẹṣẹ́ tí ó wà ní ọrùn, èyí tí wọ́n ń pè ní thyroid, a máa fara jọ ìsoríkọ́.

Fún ẹni tí ń bẹ̀rù pé oògùn jẹ́ àìnígbàgbọ́: nígbà tí Hesekáyà ń ṣàìsàn, Ọlọ́run ṣèlérí ìwòsàn fún un, síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n fi ìṣù èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo rẹ̀. Ó wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 20.

### 5. Àdúrà tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ kò lè gbàdúrà wákàtí kan, bí ó bá sì gbìyànjú tí kò rí i ṣe, a tún fi èyí dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe nìyí:

1. Ẹ mú Sáàmù 13. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni.
2. Ẹ kà á sókè, kódà bí ohùn yín kò bá ju ìkùnsínú lọ.
3. Níbi tí Dáfídì ti ń béèrè bí yóò ti pẹ́ tó, ẹ dúró, kí ẹ sọ tiyín: "Yóò ti pẹ́ tó, Olúwa, tí n kò ní lè sùn?"
4. Ẹ ṣe Àmín, ẹ dìde.

Nígbà tí ó bá yá, ẹ bọ́ sí Sáàmù 42 àti 43, níbi tí onísáàmù ti ń bi ọkàn ara rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ló dé tí ó fi rẹ̀wẹ̀sì. Ní ọjọ́ tí ó bá burú jù, Sáàmù 88 wà. Inú òkùnkùn ni ó parí sí, kò sí ìyìn ní ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ó sì wà nínú Bíbélì bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò fipá mú ẹnikẹ́ni dúpẹ́. Bí ọ̀rọ̀ kò bá jáde rárá, ẹ kérora. Róòmù 8:26 sọ pé Ẹ̀mí ń fi ìrora tí a kò lè fi ẹnu sọ bẹ̀bẹ̀ fún wa.

Ẹ fi Sáàmù 35 àti 109, tí ọ̀pọ̀ wa fi ń bá ọ̀tá jà, sílẹ̀ ná. Ẹni tí ìsoríkọ́ mú, tí ó ń lé ọ̀tá lálaalẹ́ fún oṣù kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀tá lójú ìyá ọkọ rẹ̀, lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀, lójú ẹni tí ń gbé oúnjẹ wá fún un.

### 6. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín

Nínú Máàkù orí 2, ènìyàn mẹ́rin gbé arọ kan, wọ́n dá òrùlé lu, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú Jésù. Bíbélì ní nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ *wọn* ni ó sọ̀rọ̀. Ẹ pín iṣẹ́ fún àwọn mẹ́rin tiyín: ẹnì kan a máa gbé oúnjẹ wá, ẹnì kan a máa tẹ̀lé yín lọ sí ilé ìwòsàn, ẹnì kan a máa pè lálaalẹ́, ẹnì kan a máa gbàdúrà fún yín nígbà tí ẹ kò lè gbà á. Bí ẹ bá lọ sí ìsìn, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ sì lè jáde kí ìsìn tó parí. Ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ijó.

### 7. Iṣẹ́ kékeré

Ọlọ́run rán Èlíjà padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì fún un ní Èlíṣà. Ẹ yan ohun kan ṣoṣo lójúmọ́: ẹ fọ abọ́, ẹ wẹ̀, ẹ rìn dé ìta gbangba kí oòrùn tó mú. Kì í ṣe pé kí ẹ gun Olúmọ. Ẹ fàmì sí i lára kàlẹ́ńdà nígbà tí ẹ bá ṣe é.

## Bí dókítà bá kọ oògùn

- Oògùn ìsoríkọ́ kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 kí ara tó mọ̀ ọ́n dáadáa.
- Ìyọnu rẹ̀ lè ṣáájú àǹfààní rẹ̀: èébì lè máa gbé yín, ẹnu lè máa gbẹ. Ẹ sọ fún dókítà, ẹ má kàn dá a dúró.
- Bí èrò ikú bá le sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.
- Lẹ́yìn tí ara bá ti yá, wọ́n sábà máa ń ní kí a lò ó fún ó kéré tán oṣù 6 sí i. Ibí yìí ni àwọn ará wa ti máa ń ṣìnà: ara yá ní oṣù kejì, wọ́n jẹ́rìí ní ìjọ, wọ́n da oògùn nù, ó sì padà. Ẹ jẹ́rìí, kí ẹ sì máa lo oògùn yín lọ.
- Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ àgbo láìsọ fún dókítà.

## Bí ọ̀nà kan bá dí

*Bí olórí ìjọ bá ní kí ẹ da oògùn nù.* Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì dà á nù. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbàdúrà sí oògùn náà kí ó ṣiṣẹ́. Bí ó bá ń fẹ́ kí wọ́n dè yín mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n nà yín nítorí ìdáǹdè, ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì pe ẹbí yín.

*Bí owó kò bá sí.* Ẹ béèrè òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwùjọ ní ilé ìwòsàn ìjọba, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni kan tí ẹ sọ̀rọ̀ fún bá yín bá ẹgbẹ́ yín nínú ìjọ sọ̀rọ̀. Owó tí ẹgbẹ́ ń dá fún aṣọ ẹbí lè san owó káàdì.

*Bí ẹ kò bá lè kàwé, tàbí tí ojú kò gbé ìwé.* Ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé ka Sáàmù fún yín, tàbí kí ẹ gbọ́ Bíbélì Yorùbá lórí fóònù.

*Bí ẹ̀ṣẹ̀ kan bá wà tí ó ń dà yín láàmú ní tòótọ́.* Ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún Ọlọ́run, kí ẹ sì tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe bí ó bá ṣeé ṣe. Bí ìdálẹ́bi náà bá ṣì wà lẹ́yìn èyí, tí kò tilẹ̀ ní orúkọ mọ́, àìsàn ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

## Fún ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn

Ẹ má sọ pé "mọ́kàn le", ẹ má sọ pé àwọn mìíràn wà tí ojú wọn ń rí ju tirẹ̀ lọ. Ẹ jókòó tì í. Ẹ béèrè ní gbangba bóyá èrò ikú ń wá sí i. Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà síni lọ́kàn, ìtura ni ó máa ń jẹ́ fún ẹni tí ó ti ń dá a rò. Pọ́ọ̀lù sọ nínú 2 Kọ́ríńtì 7:6 pé Ọlọ́run tu àwọn nínú nípa dídé Títù. Dídé ni ó dé.

## Bí ó bá fẹ́ padà

Ó lè padà, kódà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Nígbà tí ara yín bá ti yá, ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ sọ fún yẹn ẹ jókòó, kí ẹ kọ àmì mẹ́ta tí ó kọ́kọ́ farahàn lára tiyín sílẹ̀: bóyá jíjí ní aago 3, bóyá àìfẹ́ gbé fóònù, bóyá pípa oúnjẹ tì. Ẹ fún un ní ẹ̀dà kan. Ẹ sì gbà á láyè pé ọjọ́ tí ó bá rí méjì nínú wọn pọ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ yín bí oorun ti rí, kí ó sì bá yín dé ọ̀dọ̀ dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ náà.